Láti Òkè Sóbí Dé Oko Òmù-Àrán: Àkọsílẹ̀ Ìrìn-Àjò Kíláàsì Wa

Ọjọ́ Ajé, Òkè Sóbí

Ìwé ẹ̀kọ́ a máa pín ìmọ̀ nípa ayé sí orí-orí: àpáta ní orí kan, ilẹ̀ oko ní òmíràn, odò níbòmíràn, ewéko àti ẹranko lẹ́yìn pátápátá. Ọmọ tí ó bá kà á bẹ́ẹ̀ lè ṣe dáadáa nínú ìdánwò, síbẹ̀ kí ó má mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Nítorí èyí ni èmi àti olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, tí ó ń kọ́ wọn nípa ohun abẹ̀mí, ṣe kó àwọn ọmọ kíláàsì JSS 3 jáde ní ìsinmi àárín sáà, nínú oṣù Ọ̀wàrà tí òjò kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀, kí a lè tọ ipasẹ̀ ohun kan ṣoṣo láti Ìlọrin dé gúúsù Kwara. Ohun náà ni àpáta. A fẹ́ mọ ibi tí ó ti wá, ohun tí òjò àti oòrùn ń sọ ọ́ dà, ibi tí omi ń gbé e lọ, àti àwọn ohun tí ń jẹ lára rẹ̀.

A gba àṣẹ kí a tó gun Sóbí, nítorí pé bárékè àwọn ológun wà nítòsí. Àwọn ọmọ fẹ́ sáré dé téńté òkè kí wọ́n lè wo ìlú, ṣùgbọ́n mo dá wọn dúró ní ìdajì ọ̀nà, mo ní kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n fi awò amú-ohun-tóbi wo ojú àpáta náà fínnífínní. Oríṣi hóró mẹ́ta ni wọ́n rí. Quartz ni èyí tí ó ní àwọ̀ eérú, tí ìmọ́lẹ̀ ń là kọjá. Feldspar ni èyí tí ó funfun tàbí tí ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Mica ni àwọn dúdú pẹlẹbẹ tí ń kọ mànà nínú oòrùn. Mo ní kí wọ́n kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé wọn, nítorí pé àwọn ni a ó máa bá pàdé títí di ọjọ́ Ẹtì.

Pé ojú lásán lè rí àwọn hóró náà jẹ́ ẹ̀rí pàtàkì. Òkúta yíyọ́ tí ó bá tètè tutù kì í ní hóró tí ojú lè rí. Èyí tí ó bá tutù díẹ̀díẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀ jíjìn ni hóró rẹ̀ máa ń ráyè tóbi. Níbòmíràn lára òkè náà, dúdú àti funfun tò ní ìlà-ìlà, èyí tí ó fi hàn pé ooru àti ìfúnpá ti tún àpáta ibẹ̀ tò nígbà tí ó ṣì wà nísàlẹ̀. Èèpo ilẹ̀ ayé tí a ń gbé lórí rẹ̀ nípọn tó nǹkan bí kìlómítà 35 lábẹ́ àwọn ilẹ̀ ńlá ayé, bẹ́ẹ̀ sì ni láti orí ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 6,371. Granite ni a ń pe irú àpáta olóhóró tí ó tutù díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ yìí, púpọ̀ nínú àwọn granite ilẹ̀ Yorùbá sì ti tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600. Àwọn àpáta tí granite náà wọ inú wọn dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn mìíràn nínú wọn sì ti ju ọdún bílíọ̀nù kan lọ dáadáa. Ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.5.

Ọmọbìnrin kan nàwọ́ sókè. Ó ní, “Mà, tí ó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ jíjìn ni ó ti dì, báwo ni àwa ṣe wá dúró lé e lórí?” Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ó bò ó mọ́lẹ̀ ti lọ. Omi ti gbá a lọ, fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù ọdún. Bí ẹrù tí ó wúwo lórí àpáta ṣe ń kúrò, àpáta náà ń tú ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń ṣí ní ìpele-ìpele bí àlùbọ́sà. Àwọn ọmọ rí àwọn ìpele náà, wọ́n tilẹ̀ gbọ́ bí èyí tí ó ti fẹ́ ṣí ṣe ń dún kòkò nígbà tí a fi òkúta kékeré kàn án. Ibi tí àpáta bá ti ní ẹ̀là púpọ̀ ni omi ń wọ̀, tí ó sì ń mú un jẹrà. Ibi tí ẹ̀là kò bá pọ̀ a dúró, a sì di òkè nígbà tí omi bá ti kó àyíká rẹ̀ lọ. Bí Sóbí ṣe dá dúró láàárín ilẹ̀ títẹ́jú nìyẹn.

Ọmọ mìíràn béèrè bóyá ilẹ̀ lè mì ní Ìlọrin, nítorí ó ti gbọ́ pé ilẹ̀ mì ní Àbújá nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Ojú ayé pín sí awẹ́ ńláńlá tí a ń pè ní pẹpẹ. Àárín pẹpẹ ilẹ̀ Áfíríkà ni a wà, ó jìnnà sí etí ibi tí pẹpẹ kan ti ń fara gbún òmíràn, nítorí náà ìmìtìtì ńlá kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ̀là àtijọ́ wà nínú àpáta wa, ó sì lè yẹ̀ díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, mo bi gbogbo wọn léèrè pé: ilẹ̀ tí ó ti lọ yìí, ibo ni ó gbà lọ? Mi ò gba ìdáhùn kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Òkèlele àti etí odò Asà

Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Òkèlele ni apá kan ìdáhùn wà. A kí wọn kú iṣẹ́, wọ́n kí wa káàbọ̀, ìyá àgbà kan sì gbà kí àwọn ọmọ jókòó yí òun ká. Kì í ṣe gbogbo amọ̀ ni wọ́n ń lò. Ó fi ìka pò ó, ó ní: “Ẹ̀yin ọmọ mi, amọ̀ tí iyanrìn rẹ̀ bá pọ̀ jù kì í dì mọ́ra. Èyí tí kò bá sì ní iyanrìn rárá, bí ó bá ti ń gbẹ ni yóò máa là.” Mo fẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́ gbólóhùn yẹn láti ẹnu rẹ̀ dípò èmi, nítorí pé ìmọ̀ tí ó dájú ni, tí a ti dán wò láti ìran dé ìran, mo sì kà á sí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gidi.

Ibí ni feldspar ọjọ́ Ajé ti yọjú. Òjò tí ń rọ̀ kì í ṣe omi lásán. Ó ń gbá kábọ́ọ̀nù-dáyọ́sáìdì mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ó sì tún ń gba púpọ̀ sí i láti inú ilẹ̀ níbi tí gbòǹgbò àti àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń mí, ó sì ń di ásíìdì tí kò lágbára. Ásíìdì yìí ń jẹ feldspar díẹ̀díẹ̀. Ó ń yọ potásíọ̀mù, sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sínú omi, èyí tí ó sì kù lẹ́yìn wọn ni amọ̀. Quartz kò gbà fún ásíìdì bẹ́ẹ̀. Bí àwọn hóró tí ó yí i ká bá ti jẹrà, òun a bọ́ sílẹ̀ lódindi, a sì di iyanrìn. Amọ̀ àti iyanrìn tí ìyá ń pò pọ̀, inú àpáta ni méjèèjì ti wá.

Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò, wọ́n á to igi àti koríko gbígbẹ bò ó. Bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 600, omi tí ó wà nínú ìpìlẹ̀ amọ̀ gan-an, tí oòrùn kò lè yọ, yóò jáde, amọ̀ náà kò sì ní lè padà di ẹrẹ̀ mọ́. Èyí ni ó fi jẹ́ pé ògiri amọ̀ tí a kò sun máa ń wó bí òjò bá pa á, tí ìkòkò sì lè gba omi sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí ìkòkò ṣì gbóná, wọ́n wọ́n omi tí a sè láti inú èèpo èso igi igbá sí i lára, ó sì dúdú, ó ń dán. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi pe àwọn ọmọ sí àkíyèsí pé igi kan náà tí ó fún wa ní irú ni ó tún kun ìkòkò tí a fi ń se é.

Ọ̀sán ni a dé etí Asà. Odò náà la àárín Ìlọrin kọjá lọ sí àríwá, omi rẹ̀ sì ń dé odò Ọya nígbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ bu iyanrìn sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi awò wò ó: quartz ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo rẹ̀, mica díẹ̀ ń kọ mànà láàárín rẹ̀, feldspar ṣọ̀wọ́n. Níbi tí omi ti ń sáré, òkúta wẹ́wẹ́ ni ó wà nísàlẹ̀. Ní inú kọ̀rọ̀ ibi tí odò ti yí, iyanrìn ni. Níbi tí omi ti dúró sójú kan, ẹrẹ̀ ni. Agbára tí omi ní ni ó ń pinnu ohun tí ó lè gbé, bí agbára náà bá sì ṣe ń dínkù ni ó ń sọ ẹrù kalẹ̀, èyí tí ó wúwo jù lọ ṣáájú. Ní apá Pàtígì, irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ tí omi àtijọ́ kó jọ ní sànmánì àwọn dáínósọ̀ ti tẹ̀ mọ́ra, ó sì ti padà di òkúta. Àpáta a máa di iyanrìn, iyanrìn a sì máa di àpáta.

Ohun tí ó dùn mí ní etí odò náà ni ọ̀rá omi mímu tí ó dì mọ́ gbòǹgbò koríko nínú ẹrẹ̀. Odò kò lè sọ ọ́ di amọ̀. Bí a bá ṣe ń dà á sí ojú àgbàrá nínú ìlú ni yóò máa dí ọ̀nà omi, tí omi yóò sì máa wá ọ̀nà gba inú ilé àwọn ènìyàn.

Ọjọ́rú, ojú ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo àti Ẹ̀sìẹ́

Kí a tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, a rí ibi tí wọ́n ti fi katapílà gé ẹ̀gbẹ́ òkè kékeré kan láti la ọ̀nà, a sì dúró níbẹ̀ pẹ́ ju bí mo ti rò lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ́ ọmọ nípa ilẹ̀, irú ojú ibi gígé bẹ́ẹ̀ ni kí ó mú un lọ, nítorí pé gbogbo ohun tí ẹsẹ̀ wa ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó hàn kedere níbẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Lókè pátápátá ni ilẹ̀ dúdú tí gbòǹgbò kún inú rẹ̀. Kò jìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Lábẹ́ rẹ̀ ni yangí wà, ó pupa, ó le, ihò wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Lábẹ́ yangí, amọ̀ aláwọ̀ mélòó kan: pupa, funfun, àti ìyeyè. Lábẹ́ amọ̀ náà ni ohun tí ó ya àwọn ọmọ lẹ́nu jù lọ wà. Òkúta ni lójú, ìlà dúdú àti funfun inú rẹ̀ ṣì tò gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní Sóbí, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ kan ki ìka bọ̀ ọ́, ó rún. Àpáta jíjẹrà ni. Feldspar inú rẹ̀ ti di amọ̀ láì kúrò ní ipò rẹ̀. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni àpáta líle ti bẹ̀rẹ̀.

Yangí náà ní ìtàn tirẹ̀. Ní ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ púpọ̀ ní ìgbà kan tí ọ̀gbẹlẹ̀ sì ń mú ní ìgbà kejì, omi a máa fọ ọ̀pọ̀ èròjà kúrò nínú ilẹ̀, irin àti alumíníọ̀mù ni ó sì máa ń ṣẹ́kù. Irin náà a dógùn-ún, ìdí nìyẹn tí ó fi pupa. Bí yangí bá wà lábẹ́ ilẹ̀ tí ó tutù, ọkọ́ lè wọ̀ ọ́. Bí a bá ṣí i síta kí oòrùn pa á, a le gan-an, kì í sì í padà rọ̀. Nítorí náà ni ó ṣe dára fún ọ̀nà títẹ̀, nítorí náà náà sì ni ó ṣe léwu kí àgbàrá fọ ilẹ̀ dúdú orí rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà kan ilẹ̀ dúdú lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí ó tó dá. Ìjì òjò kan ṣoṣo lè gbé e lọ.

Ojú ibi gígé yìí kan náà ni mo fi ṣàlàyé ọ̀rọ̀ kànga. Àpáta líle kò ní àlàfo tí omi lè dúró sí, àfi inú ẹ̀là rẹ̀. Inú àpáta jíjẹrà ni omi òjò tí ó bá wọlẹ̀ ti ń kóra jọ, inú rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn kànga wa ti ń rí omi. Níbi tí àpáta jíjẹrà bá ti fẹ́lẹ́, kànga á gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí sì nìyí tí ẹnì kan fi lè gbẹ́ bọ́hóòlù kí ó kan omi, kí aládùúgbò rẹ̀ gbẹ́ tirẹ̀ jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó má rí nǹkan kan: ẹni àkọ́kọ́ bá ẹ̀là pàdé, ẹnì kejì kò bá a.

Ní Ẹ̀sìẹ́, a wọ ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1945, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ère òkúta ibẹ̀ lé ní 1,000. Ẹ̀kọ́ tí mo mú wọn wá kọ́ kò pẹ́: òkúta tí a fi gbẹ́ àwọn ère náà rọ̀, nítorí pé talc, oríṣi hóró òkúta kan tí ó rọ̀ gan-an, pọ̀ nínú rẹ̀. Nínú ìwọ̀n líle òkúta tí Friedrich Mohs, onímọ̀ nípa òkúta, ṣètò ní ọdún 1812, talc ni ó wà ní ipò 1, quartz wà ní 7, dáyámọ́ńdì ni 10. Kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ère kankan. Mo ti mú èérún talc lọ́wọ́ láti ilé ẹ̀kọ́, èékánná ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ha á. Àwọn tí ó gbẹ́ ère náà láyé àtijọ́ mọ òkúta tí ó yẹ kí wọ́n yàn.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀ṣọ́ọ̀rọ̀ omi Òwù

Òmù-Àrán ni a sùn, a sì gbéra ní kùtùkùtù lọ sí apá Òwá-Kájọlà. Ọ̀nà ibẹ̀ kò dára, a sì fi ẹsẹ̀ rìn níkẹyìn. A ti ń gbọ́ híhó omi kí a tó rí i. Láti ibi gíga tí ó ju 100 mítà lọ ni omi náà ti ń já bọ́ lára àpáta.

Àwọn ọmọ ro pé omi ni ó ń gé àpáta. Omi nìkan kò lè ṣe é tó bẹ́ẹ̀. Iyanrìn àti òkúta tí omi gbé dání ni wọ́n ń họ ọ́, quartz ni ó sì pọ̀ jù nínú wọn, nítorí pé òun ni ó le jù nínú hóró mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn òkúta ńlá tí ó wà nísàlẹ̀, tí eruku omi ń bò, ara òkè yẹn ni wọ́n ti já. Igun wọn ṣì mú. Bí a ṣe ń tẹ̀ lé odò náà lọ sísàlẹ̀ ni òkúta ń kéré sí i, tí igun wọn sì ń di róbótó.

Tẹmọ́mítà tí a gbé sí ẹsẹ̀ omi fi hàn pé ibẹ̀ tutù ju pápá tí a gbà kọjá lọ. Bí omi ṣe ń di eruku tí ó sì ń gbẹ sínú afẹ́fẹ́, ó ń gba ooru lára afẹ́fẹ́ náà. Nítorí omi yìí náà ni igi ibẹ̀ ṣe ga tí ewé wọn sì gbòòrò, tí èéhù àwọ̀ ewé bo òkúta, nígbà tí ó jẹ́ pé ní pápá, níwọ̀n ìrìn díẹ̀ sí ibẹ̀, emì, igbá àti igi ìyá ni ó pọ̀, àwọn igi tí èèpo ara wọn nípọn, tí iná ọdọọdún kì í tètè pa. Ojú ọjọ́ kan náà ni ó wà lórí ibi méjèèjì. Omi tí ilẹ̀ ní ló yàtọ̀.

Orí àpáta kan ni a jókòó sí láti sọ ibi tí omi yìí ti wá. Láti oṣù Kẹrin títí di oṣù Kẹwàá, afẹ́fẹ́ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ń gbé omi òkun wá sí ọ̀dọ̀ wa, ó sì ń rọ̀ ní òjò, tí ó tó nǹkan bí mìlímítà 1,200 lọ́dún ní Ìlọrin. Bí ó bá di ìgbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ àríwá ìlà-oòrùn ni ó ń borí, eruku tí ó ń gbé wá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ, a sì máa bà sórí oko wa. Àwọn ènìyàn kórìíra eruku ọyẹ́, ṣùgbọ́n èròjà tí irúgbìn lè jẹ wà nínú rẹ̀. Apá kan rẹ̀ tilẹ̀ ń sọdá òkun dé igbó Amazon.

Ọjọ́ Ẹtì, oko kan lẹ́yìn Òmù-Àrán

Bàbá àgbẹ̀ kan gbà wá láyè lóko rẹ̀ tí ó wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ni ó darí iṣẹ́ òwúrọ̀. Ó fa ẹ̀pà kan tu, ó sì fi kókó róbótó róbótó ara gbòǹgbò rẹ̀ han àwọn ọmọ. Náítírójìn ni ìpín 78 nínú 100 afẹ́fẹ́ tí a ń mí, ṣùgbọ́n irúgbìn kò lè lò ó bẹ́ẹ̀. Àwọn bakitéríà tí ń gbé inú kókó yìí ni wọ́n ń yí i padà sí ohun tí ẹ̀pà lè jẹ, ẹ̀pà náà sì ń fún wọn ní ṣúgà tí ewé rẹ̀ fi oòrùn ṣe. Ohun kan ṣoṣo tí àpáta kò lè pèsè fún oko nìyí: náítírójìn kò sí nínú quartz, kò sí nínú feldspar, kò sí nínú mica. Ohun abẹ̀mí ni ó ń gbé e wọlẹ̀.

Ọ̀gán kan wà láàárín oko. Bàbá ní òun kì í wó o, nítorí pé olú máa ń hù lára rẹ̀ nígbà òjò, àti pé irúgbìn tí ó bá sún mọ́ ọn máa ń dára. Òótọ́ ni. Ikán ń gbé amọ̀ láti ìsàlẹ̀ jíjìn wá sókè, ó ń kó ewé àti igi gbígbẹ wọlé, ó sì ń fi wọ́n bọ́ olú tí ó ń gbìn sínú ilé rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ. Àwọn tí ń wá wúrà a tilẹ̀ máa yẹ erùpẹ̀ ọ̀gán wò, nítorí pé ó ń sọ ohun tí ó wà nísàlẹ̀ fún wọn.

Tata ń jẹ ewé, alángbá ń jẹ tata, àṣá ń gbé alángbá. Níwọ̀n bí ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára oúnjẹ nìkan ni ó máa ń kọjá láti ìpele kan sí èkejì, ewé ní láti pọ̀ gan-an kí àṣá kan tó lè yó. Nígbà tí a dé orí àwọn tí ń jẹ òkú ẹran, kò sí ọmọ kan tí ó ti fojú rí igún rí. Ní kékeré mi, wọ́n máa ń kún orí òrùlé ilé ìpẹran. Láti ọdún 2015 ni a ti ka igún wa tí ó wọ́pọ̀ jù lọ mọ́ àwọn ẹyẹ tí ó wà ní bèbè ìparun pátápátá. Májèlé àti pípa tí a ń pa wọ́n tà fún oògùn wà lára ohun tí ó fà á. Òkú ẹran tí igún ìbá jẹ tán ní wákàtí díẹ̀ ń jẹrà sílẹ̀ báyìí, àwọn ajá àti eku sì ń pọ̀ sí i níbẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá fi ọ̀rọ̀ kan lọ̀ wá. Àgbàdo orí gegele rẹ̀ pọ́n rúsúrúsú, ti ìsàlẹ̀ dúdú minijọ, bẹ́ẹ̀ irúgbìn kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni ó sì gbìn wọ́n. Àwọn ọmọ ti bu erùpẹ̀ ibi méjèèjì sínú ìgò láàárọ̀, wọ́n ti da omi sí i, wọ́n ti mì ín, wọ́n sì ti gbé e kalẹ̀. Nínú ìgò orí gegele, iyanrìn ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí ó rọ̀ sísàlẹ̀, omi orí rẹ̀ sì ti ń mọ́. Nínú ìgò ìsàlẹ̀, iyanrìn kò tó ìdajì, omi rẹ̀ ṣì rú fún amọ̀, ewé jíjẹrà sì léfòó lórí rẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó bi mí ní ìbéèrè ní Sóbí ni ó ṣàlàyé fún Bàbá: àgbàrá ń ṣe sí oko yìí ohun tí odò ń ṣe ní Asà, ó ń kó èyí tí ó fúyẹ́ lọ, ó sì ń fi èyí tí ó wúwo sílẹ̀. Amọ̀ àti ewé jíjẹrà ni ó ń di oúnjẹ irúgbìn mú.

Mo wí fún Bàbá pé kí ó máa kọ ebè gígùn rẹ̀ ní ìbú òkè, kí ó má ṣe kọ ọ́ láti òkè wá sísàlẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní, “Olùkọ́, bàbá mi ni ó kọ́ mi bí mo ṣe ń kọ ọ́. Tí omi bá dúró láàárín ebè, iṣu á rà.” Àtakò tí ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni, pàápàá ní ìsàlẹ̀ oko níbi tí amọ̀ ti pọ̀. A fẹnu kò pé kí iṣu máa wà bí ó ti wà, kí a sì pín orí gegele tí ó ń gbin àgbàdo sí sí méjì ní àkókò òjò tí ń bọ̀: ìdajì kan ní ìbú òkè, ìdajì kejì bí ti tẹ́lẹ̀, irúgbìn kan náà, ọjọ́ ìgbìn kan náà, ajílẹ̀ kan náà, kí ó lè jẹ́ pé ebè nìkan ni ó yàtọ̀. Àwọn ọmọ kan èèkàn sí ààlà méjèèjì kí a tó wọ ọkọ̀. Bàbá ní kí a mú òṣùwọ̀n wá nígbà ìkórè, nítorí pé òun fẹ́ kí a wọn àgbàdo náà ní ojú òun.